Òkúta Nínú Omi Nachimuthu

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ẹ sún mọ́bí. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kó lọ mu omi kó tó jókòó, nítorí ìtàn tí mo gbé wá yìí kò ní ìkánjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó mọ̀ọ́mọ̀ da òkúta sínú omi tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ sẹ́.

Ní àdúgbò wa ní Coimbatore, níbi tí ilé iṣẹ́ òwú ti pọ̀ ju igi lọ, ta ni kò mọ ìsọ̀ Nachimuthu? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi níkẹ́ẹ̀lì bo irin. Yóò so irin kọ́ sínú tánkì omi aláwọ̀ ewé, yóò rán iná mànàmáná gba inú omi náà, níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ yóò sì máa wọ irin láṣọ díẹ̀díẹ̀, aṣọ tó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìkòkò, fìtílà tẹ́ńpìlì, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ohun kan ṣoṣo ló kórìíra láyé: ìdọ̀tí. Bí ẹyọ iyanrìn kan bá bọ́ sínú tánkì, níkẹ́ẹ̀lì á hu irorẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, aṣọ asẹ́ kì í kúrò léjìká rẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ pé bí Nachimuthu bá lọ kí àna rẹ̀, á kọ́kọ́ sẹ́ tíì tí wọ́n bá gbé fún un.

Ọmọ méjì ló bí. Loganathan ni àkọ́bí, ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lẹ́bàá títì, ọjà rẹ̀ sì ti kún dé ibi pé orí àwọn táyà ló ń jókòó sí. Poongodi ni àbúrò, òun ló dúró ti bàbá rẹ̀ nídìí tánkì láti ìgbà tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Poongodi yìí ló gbé ọ̀rọ̀ òkúta dé. Ṣé ẹ rí i, lára ẹ̀rọ ìrànwú, òrùka irin kan wà tí ìkọ́ kékeré kan ń sáré yí ká lórí rẹ̀, òun ló ń darí òwú. Eré tí ìkọ́ náà ń sá, ẹṣin kò sá a rí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ òrùka náà, bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ. Níkẹ́ẹ̀lì lásán kò lè gbà á sílẹ̀, ó rọ̀ jù. Poongodi ní òun fẹ́ po ìyẹ̀ òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ mọ́ omi tánkì, kí níkẹ́ẹ̀lì máa gbé e mì bó ṣe ń dì mọ́ irin, bí amọ̀ ògiri ṣe ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì. Ògiri tó ní òkúta nínú, òjò kì í tètè jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ̀ bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

“Òkúta? Nínú omi mi?”

“Lẹ́búlẹ́bú ni, Appa. Ó kúnná bí àtíkè.”

“Ìyá rẹ ti ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ṣé kí n lọ sọ fún un pé kó máa dà á padà ni?”

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn. Ó fún un ní tánkì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì yí ẹ̀yìn sí i, kí ojú rẹ̀ má baà máa rí i.

Òrùka àkọ́kọ́ tó ti inú tánkì kékeré náà jáde le koko. Poongodi gbé e lọ fún Marudachalam, ọ̀gá yàrá ìrànwú ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn odò. Lóòótọ́, ìkọ́ kò rí òrùka náà jẹ. Àmọ́ òwú ń já. Wọ́n so ó, ó já. Wọ́n tún un so, ó tún já.

“Poongodi,” ni Marudachalam wí, “òwú yìí ń já ju ìlérí olóṣèlú lọ. Lára òrùka rẹ ni. Ó rí gbágungbàgun. Ìkọ́ ń kọsẹ̀.”

Poongodi padà sílé, ó dín ìyẹ̀ òkúta kù. Ìkọ́ jẹ òrùka náà bí ẹní jẹ ẹ̀kọ. Ó fi kún un. Omi di bí ògì, ara òrùka sì ṣe háráhárá bí ahọ́n ológbò. Ó mú kí ẹ̀rọ tó ń ro omi náà, èyí tí wọ́n ń pè ní orógùn, máa sáré sí i. Ìyẹ̀ òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í sá kọjá lára òrùka bí èrò tó ń sá fún òjò, kò sí èyí tó yà. Loganathan a dé, a yọjú wo tánkì, a fọwọ́ bo imú.

“Àbúrò mi, ọbẹ̀ iyanrìn yìí ò tíì jinná ni? Ṣé iyọ̀ ni kò tó?”

“Anna, ẹ lọ ka táyà yín,” ni Poongodi dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn.

Iyán ewùrà ni ọ̀rọ̀ náà dà. Bí èèyàn mọ̀ ọ́n gún, bó mọ̀ ọ́n tẹ̀, kò ní í ṣàìlẹ́mọ.

Bàbá náà gbọ́, ó sì rí i. Orúnkún ń dùn ún, kò sì lè máa dúró nídìí tánkì títí láé. Nígbà tí àjọ̀dún irinṣẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

“Ọjọ́ kejì àjọ̀dún ni ọjọ́ tí à ń bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun. Lọ́jọ́ náà ni n ó fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yìí sílẹ̀. Poongodi, bí Marudachalam bá gba òrùka rẹ, ìwọ lo ni ín. Bí òwú bá tún já, kí Loganathan kó táyà rẹ̀ wọlé, kí ẹ da tánkì nù. Ẹ má bá mi jiyàn.”

Kò sí ẹni tó jiyàn. Láti ọjọ́ náà ni Loganathan ti ń mú téèpù ìwọnlẹ̀ káàkiri nínú àpò. Poongodi ní tirẹ̀ kò lè jókòó sójú kan mọ́. Bó bá dìde, a jókòó. Bó bá jókòó, a dìde. Ìyá rẹ̀, Deivathal, ní bóyá èèrùn ló wọ inú aṣọ ọmọ náà.

Báyìí ni àjọ̀dún dé. Ní ọjọ́ Ayudha Puja, gbogbo irinṣẹ́ ló ń sinmi lọ́dọ̀ wa. Ọ̀bẹ ń sinmi, ìwé ń sinmi, ọkọ̀ ń sinmi. A ó fọ̀ wọ́n, a ó fi àtíkè pupa kùn wọ́n, a ó fi òdòdó sí wọn lọ́rùn, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí àtíkè pupa bá ti kàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣiṣẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Poongodi mọ èyí dáadáa. Ó ti ṣètò pé òrùka á wọ tánkì kí oòrùn tó yọ, á sì jáde kí ìyá òun tó gbé àwo ìbọ dé.

Ni iná bá lọ. Ilé iṣẹ́ mànàmáná, ẹ máa wò ó, kò mọ àjọ̀dún. Nígbà tí iná fi padà dé, oòrùn ti ga, àwọn òrùka wọ tánkì, orógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì tí Deivathal fi wọlé pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ àti òdòdó lápá.

“Ó yá, ẹ pa á. Wákàtí rere ti dé.”

“Amma, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Wọn ò tíì jinná.”

“Wákàtí rere kì í dúró de ẹni, wákàtí burúkú ló tẹ̀lé e. Ṣé inú wákàtí burúkú lo fẹ́ kí n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ?”

“Bí orógùn bá dúró, ìyẹ̀ òkúta á rì.”

“Kó rì. Ohun tó bá rì ti sinmi nìyẹn, ẹyinjú mi. Sinmi ni wọ́n ní ká sinmi.”

Loganathan ti fara ti òpó nínú aṣọ tuntun rẹ̀. “Amma, ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ pa iná náà mọ́ ọn.”

“Má fọwọ́ kan iná!”

Nachimuthu ló pariwo. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ẹni tí kì í wo tánkì kékeré náà ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Bí a bá dá níkẹ́ẹ̀lì dúró lágbede méjì, kì í mọ ara rẹ̀ mọ́. Bí iná bá padà dé, aṣọ kejì kì í lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. N kò pa iná lórí irin rí. N kò ní í ti orí òkúta bẹ̀rẹ̀.”

Deivathal wo ọkọ rẹ̀, ó wo àpótí iná tó wà lára ògiri. Obìnrin tó mọ òfin ni, ó sì mọ ọkọ rẹ̀.

“Ó dára, Bàbá Loganathan. Iná kò lọ, iná kò bọ̀, ojú kan ló wà. Ó dà bíi fìtílà iwájú òrìṣà. Ta ló ń pa fìtílà nítorí àjọ̀dún? Iná lè wà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yí gbirigbiri yìí, irinṣẹ́ ni.”

Ó pa orógùn, ó fi ìka tọ́ àtíkè pupa sí i níwájú, ó fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Ìsọ̀ náà pa lọ́lọ́.

Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ yẹn ń pariwo létí Poongodi. Wọ́n gbé ìrẹsì yíyan àti ẹ̀wà fún un nínú ilé, ó ń fi ọwọ́ yí i nínú abọ́. Wọ́n fọ́ elégédé funfun sójú títì kí ojú burúkú lè kọjá, ó ń wò ó bíi pé orí òun ni wọ́n fọ́. Ó jáde, ó wọlé. Ó tún jáde. Lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ ló ti bá Loganathan, ó lóṣòó, ó ń na téèpù láti ògiri dé ògiri.

“Anna! Kí lẹ ń ṣe?”

“Mò ń wo bí ilẹ̀ ṣe gùn tó. Ojú lásán ni mo fi ń wò ó.”

“Téèpù ọwọ́ yín ń kọ́? Ṣé òun kì í ṣe irinṣẹ́ ni? Amma! Ẹ wá o! Ọmọ yín ń ṣiṣẹ́!”

Deivathal sáré dé tòun ti àwo. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gba téèpù náà, ó fi àtíkè pupa sí i, ó so òdòdó kan mọ́ ọn, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orógùn. Loganathan ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Poongodi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó rántí òrùka tó so rọ̀ nínú omi tí kò mì.

Ó wọ inú ìsọ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó ti gbé àpótí kan jókòó lé, ó fi ọwọ́ di ọ̀pá tí wọ́n so òrùka kọ́ mú, ó ń tì í lọ, ó ń fà á bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń mi ọmọ lórí itan.

“Appa, kí lẹ ń ṣe?”

“Mo jókòó.”

“Ọwọ́ yín ń kọ́?”

“Ọwọ́ kì í ṣe irinṣẹ́.”

“Amma á bínú o.”

“Iwájú orí ló ti fi àtíkè kùn mí. Kò kùn mí lọ́wọ́.” Ó ń mi ọ̀pá náà lọ. “Bí irin bá dúró jẹ́ nínú omi, èéfín omi á di ìléróró sára rẹ̀, ibi tí ìléróró bá sì jókòó sí, níkẹ́ẹ̀lì kì í bò ó. Á dá ihò bí ojú ilé àsín. Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ la fi ń mì ín. Má rò pé nítorí òkúta rẹ ni mo ṣe jókòó síbí.”

“N kò rò ó, Appa.”

“Lọ jẹun.”

Kò lọ jẹun. Ó dúró tì í. Apá ń ro bàbá náà, ó fi ọwọ́ kejì rọ́pò rẹ̀, Poongodi nawọ́ láti gbà á, ó sì fi ìgbúnwọ́ tì í sẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe títí iṣẹ́ fi jinná, tí wọ́n fi yọ òrùka náà sínú omi tútù.

Poongodi fi ìka pa wọ́n lára. Gbogbo òrùka tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ló ń jáde ní dúdúdúdú, wọ́n sì máa ń ṣe háráhárá. Àwọn wọ̀nyí rí bí ìyẹ́ ẹyẹlé, ara wọn sì jọ̀lọ̀ mọ́ ìka.

“Ìyẹ̀ òkúta kò wọlé,” ló wí. “Gbogbo rẹ̀ rì. Níkẹ́ẹ̀lì lásán nìyí.”

“Ó dán ṣá,” ni bàbá rẹ̀ wí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀.

Kò ju kí ó mú ayùn ìrẹ́rin lọ, kó fi rẹ́ etí òrùka kan, á ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ayùn ìrẹ́rin wà lábẹ́ òdòdó. Ọ̀bẹ ìdáná wà lábẹ́ òdòdó. Ìṣó pàápàá, ìyá rẹ̀ ti fi àtíkè pupa kàn án lórí. Ó fi èékánná họ òrùka náà, èékánná ló kán. Èékánná kì í ṣe ẹ̀rí. Ó kó òrùka sínú aṣọ, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì dùbúlẹ̀ bí ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gún.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Deivathal tó lu agogo kékeré tán pé àwọn irinṣẹ́ ti jí, Poongodi ti na ọwọ́ sí ayùn. Ó rẹ́ etí òrùka. Ayùn náà yọ̀ ṣìì. Ó tún un rẹ́, ó fi agbára tì í. Òrùka kò ní àpá kankan. Eyín ayùn ló ti dán.

“Appa,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. “Ó wà níbẹ̀.”

Ilé iṣẹ́ òwú kì í tì ní ọjọ́ náà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Marudachalam fi òrùka wọ̀nyí sí ara ẹ̀rọ, ó fi ìkọ́ sí i, ó so òwú, ó tan án. Poongodi kò lè wò ó. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó wo ojú àwọn obìnrin tó ń so òwú, nítorí ojú wọn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo òwú, ọwọ́ wọn ṣófo. Òwú kan já. Poongodi fò sókè.

“Òwú burúkú nìyẹn,” ni ọ̀kan nínú wọn wí. “Ti ọ̀dọ̀ tèmi náà já bẹ́ẹ̀ lórí òrùka àtijọ́.”

Wọ́n so ó. Kò já mọ́. Marudachalam pa ẹ̀rọ náà nígbà tó tó àkókò tíì, ó fi ìka kan òrùka wò, ó fi ìka kan ìkọ́ wò. Kò gbóná.

“N ó gbà á,” ló wí. “Mú irú rẹ̀ wá sí i. Irú rẹ̀ gan-an o. Kí lo ṣe sí i?”

Poongodi ní òun á mú un wá, ó sì kọrí sílé. Kí ló ṣe sí i? Ó ṣe ìbínú sí i. Ó jẹ èékánná sí i. Gbogbo ọ̀nà ilé ni ìbéèrè yẹn ń lé e bí ajá. Bí kò bá mọ ìdí tó fi dára, kò lè ṣe òmíràn, bí kò bá sì lè ṣe òmíràn, inú ìsọ̀ tí yóò gbà lónìí ni táyà yóò padà wá jókòó sí.

Ó kọjá lára ìyá rẹ̀ láìkí i, ó lọ tààrà sídìí tánkì kékeré náà. Kò tan orógùn. Ó ti ìgbákọ onígi alápá gígùn wọ inú omi, ó bu ohun tó wà nísàlẹ̀, ó da díẹ̀ sórí ike, ó fi omi ṣàn án, ó fi ìka méjì ra á. Ó ń ké rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ láàárín ìka bí iyanrìn odò. Ó wá bu omi òkè tánkì. Omi náà ṣú díẹ̀, bí omi tí wọ́n fọ ìrẹsì sí. Ó fi ìka ra á, kò gbọ́ nǹkan kan.

“Appa! Ẹ wá fọwọ́ kan èyí. Ẹ wá fọwọ́ kan èyí náà.”

Bàbá rẹ̀ fọwọ́ kàn án.

“Wọ́n sọ fún mi níbi tí mo ti rà á pé ó kúnná,” ni Poongodi wí. “Kò kúnná dọ́gba. Orógùn ló ń gbé kékeré gbé ńlá pọ̀. Èyí tó tóbi, níkẹ́ẹ̀lì kò lè gbé e mì tán, orí rẹ̀ á yọ síta bí orí alábahun, òun ni ìkọ́ ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí Amma pa orógùn, àwọn ńlá rì. Ọwọ́ yín sì rọra mi omi, kò lágbára tó láti gbé wọn dìde, ṣùgbọ́n ó tó fún àwọn kékeré. Àwọn kékeré nìkan ló kù lókè, àwọn ni níkẹ́ẹ̀lì gbé mì.”

Nachimuthu fi aṣọ asẹ́ tó wà léjìká rẹ̀ nu ọwọ́.

“O fẹ́ sọ fún mi pé omi náà sẹ́ ara rẹ̀.”

“Ó sẹ́ ara rẹ̀, Appa.”

“Nítorí náà, kì í ṣe òkúta ni mo kórìíra. Òkúta tí a kò sẹ́ ni.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

Loganathan ti dé ẹnu ọ̀nà, òun àti ọkọ̀ ẹrù kékeré tó kún fún táyà. Téèpù rẹ̀ ṣì ní àtíkè pupa níwájú. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́ sí i.

“Dúró síbẹ̀! Má gbá eruku wọlé, tánkì wà ní ṣíṣí.”

Nígbà náà ni Loganathan mọ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó mi orí. “Ó dáa. Ọbẹ̀ iyanrìn ti jinná. Kí n wá ibòmíràn jókòó nìyẹn.” Ó yí ọkọ̀ padà, kò bínú púpọ̀, ó kàn fọn fèrè tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Nachimuthu tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí aṣọ rẹ̀, ó fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Poongodi tẹrí ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi gbé orí sókè, bàbá náà ti gbé àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì kékeré, ó ti jókòó, ó ti di ọ̀pá mú.

“Appa, ẹ ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Mo fún ọ. Kọ́kọ́rọ́ ni mo fún ọ. Ta ni yóò máa mi ọ̀pá?”

“N ó ra ẹ̀rọ tó ń rọra mì ín.”

“Rà á. Títí tí yóò fi dé ńkọ́? Kó òrùka wá, má fi ọjọ́ ṣòfò.”

Poongodi dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ìsọ̀ ti di tirẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì jókòó nínú rẹ̀, kò ní ìdí láti lọ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún. Ó kó òrùka tuntun kọ́ sórí ọ̀pá, ó ro omi náà, ó sì dúró kí àwọn ńlá rì. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ní bí kò bá dúró jẹ́, eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sínú omi.

Deivathal fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, nígbà tí mo lọ gba ewé kọ́rì tí n ó fi se ọbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé atẹ ìrẹsì lé itan, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé kò ní í kó wọn lọ fún ọmọ rẹ̀ nínú ìsọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní èyí tóbi jù, ó sì jù ú sí àwọn adìyẹ.